Síló Tí Kò Dúró Sójú Kan àti Ọkọ̀ Tí Kò Tètè Gbiná: Ìtọ́sọ́nà fún Camry 2.2 Àtijọ́

Camry oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin tó ń lo ẹ́ńjìnnì 5S-FE, 2.2 lítà, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: Orobo tí wọ́n ṣe láti 1992 sí 1996, àti àwọn tó tẹ̀lé e láti 1997 sí 2001 tí a mọ̀ sí Pencil Light àti Drop Light. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í bọ̀rọ̀ kú. Àmọ́ bó bá ti pẹ́ lójú títì, ohun méjì ló sábà máa ń gbé olówó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì: síló (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù, ìyẹn pẹ́dà tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré) tó ń lọ sókè sódò, àti kọ́kọ́rọ́ tí a óò yí títí kí ọkọ̀ tó dáhùn.

Ọ̀nà tí owó ń gbà ṣòfò lórí ẹ̀ kò yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn. Wọ́n á ní pílọ́ọ̀gì ni, ẹ rà á. Wọ́n á ní pọ́ńpù epo ni, ẹ rà á. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jóná. Ìlànà tiwa nìyí: ohun tí ẹ ò bá tíì dán wò tàbí tí ẹ ò tíì fi mítà wọ̀n, ẹ má rà á.

Ìgbà wo ló ń ṣe é?

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ìgbà tó ń ṣe é sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa ń tọ́ka ibi tí àìsàn wà.

Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, tó jẹ́ pé àfi kí ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀ kó má baà kú, ẹ wo IAC (fáàfù tó ń darí síló) àti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi. Bó bá gbiná dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa á níwájú báǹkì fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí kò fẹ́ gbiná mọ́, epo ló ń sá padà tàbí nọ́sù (ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì) ló ń jò, tàbí kẹ̀, ohun kan níbi iná pílọ́ọ̀gì ti ń kọ̀ṣẹ́ nígbà tó bá gbóná. Síló tó ń fò láti 1000 sí 1800 RPM (iye ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan), tó tún ń bọ̀ sílẹ̀, tó tún ń gòkè, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbi tí kò yẹ, tàbí kí omi rédíétọ̀ ti dín. Ọkọ̀ tó ń kú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nígbà tí AC bá wà ní títàn, IAC ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń gbọ̀n ṣáá, tutù tàbí gbóná, ó ń míìsì ni, ìyẹn ni pé ihò ẹ́ńjìnnì kan kò jó epo rẹ̀ dáadáa. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò, wáyà pílọ́ọ̀gì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa bá lọ.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: mítà oníná, gééjì tó ń wọn agbára epo, agolo carb cleaner kan tàbí méjì, sípánà 10, 12 àti 14, sọ́kẹ́ẹ̀tì pílọ́ọ̀gì 16, àti wáyà kékeré kan tí ẹ lè fi so ojú méjì pọ̀. Fún ọkọ̀ 1996 síwájú, síkánà OBD2 (ẹ̀rọ tó ń ka àmì àṣìṣe inú brain box) olówó pọ́ọ́kú ti tó.

Síló tó péye lára ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ 650 sí 750 RPM nígbà tó bá ti gbóná dáadáa, tí jíà wà ní N, tí AC àti iná wà ní pípa, tí fáànù rédíétọ̀ kò sì yí. Ẹ kọ èyí tí tiyín ń ṣe sílẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti ibi bátìrì

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò yí rárá, tàbí tó ń yí bí ẹni tó ń sùn lọ, ẹ má tíì lọ bá epo. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti wà ní pípa mọ́jú, gbọ́dọ̀ fi 12.4 sí 12.6 fóòtì hàn lórí mítà. Kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ṣe ń wò ó. Tó bá já sí abẹ́ 9.6, bátìrì tàbí orí rẹ̀ ló ní ọ̀ràn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.8.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé orí néégétíìfù bátìrì gan-an, ẹ gbé èkejì lé irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹnì kan tún yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ju 0.5 fóòtì hàn, wáyà earth ti jẹrà tàbí ó ti tú. Ìyẹn nìkan lè mú kí sítátà yí jẹ́jẹ́, kí ó sì tún da orí sẹ́ńsọ̀ rú.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ ti Toyota ìgbà yẹn gan-an. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ “tak” kan ṣoṣo, kò yí. Ẹ tún un yí lẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Bátìrì yín dára, iná ò sì dín. Bàbà méjì tó wà nínú orí sítátà ló ti jẹ tán lójú kan. Ẹ kò nílò láti ra odindi sítátà. Ẹ yọ bátìrì kúrò lórí wáyà, ẹ tú sítátà, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn solenoid (orí sítátà yẹn), ẹ pààrọ̀ bàbà méjèèjì. Ẹ wo ojú òrùka bàbà tó wà lórí irin tó ń wọlé tó ń jáde náà: bó bá ti jẹ kòtò, ẹ pààrọ̀ òun náà.

Ó ń yí dáadáa, kò gbiná

Ohun mẹ́ta ló ń bẹ níbí: epo, iná pílọ́ọ̀gì, àti afẹ́fẹ́. Ẹ dán epo àti iná wò kí ẹ tó máa méfò.

Fún epo, ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, wọ́n á dẹtí sílẹ̀ kí wọ́n gbọ́ “wúù” láti inú táńkì. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní pọ́ńpù ti kú. Pọ́ńpù ọkọ̀ yìí kì í sábà ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kàn wà ní ON. Ìgbà tí sítátà bá ń yí, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbiná, ni rílè rẹ̀ (súìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa) ń fún un níná. Lára Orobo, ẹ ṣí àpótí dúdú kékeré tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lára nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wáyà so ojú +B mọ́ FP, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ máa dún báyìí. Ẹ di hóòsì epo mú: ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé epo ń tì í. Ẹ yọ wáyà náà lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán.

Bí kò bá dún, kí ẹ tó tú àga ẹ̀yìn láti yọ pọ́ńpù, ẹ wo fúùsì EFI 15A àti rílè EFI. Rílè tó ń gbóná lọ́wọ́ àmọ́ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá pọ̀ lára ọkọ̀ àtijọ́.

Bí ẹ bá so gééjì mọ́ ọ̀nà epo, tí ẹ yọ hóòsì afẹ́fẹ́ kékeré tó lọ sí regulator (ohun tó ń ṣe ìdarí agbára epo) tí ẹ sì di ẹnu rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 38 sí 44 psi. Ẹ dá hóòsì náà padà, á wá sílẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá tó 38, ẹ pààrọ̀ fílítà epo tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Ọ̀pọ̀ Camry ń rìn kiri pẹ̀lú fílítà tí wọ́n gbé dé láti òkè òkun, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn rí.

Fún ọkọ̀ tí kì í gbiná nígbà tó bá gbóná, ohun tí gééjì ń sọ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbọ́dọ̀ ṣì wà ní 21 psi ó kéré tán. Bó bá já sílẹ̀, ẹ tún fún un ní agbára, ẹ pa á, kí ẹ sì yára fún hóòsì tó ń dá epo padà sí táńkì pa. Bó bá dúró, regulator ló ń jò. Ẹ fa hóòsì afẹ́fẹ́ rẹ̀ yọ, bí epo bá ń rùn nínú rẹ̀, ẹjọ́ ti tán. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ fún hóòsì tó ń bọ̀ láti táńkì ló dúró, fáàfù inú pọ́ńpù ni. Bí méjèèjì ò bá ràn án, nọ́sù ló ń kán epo sínú ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: èyí tó dúdú tó sì rin fún epo ló wà lábẹ́ nọ́sù tó ń jò. Tí ẹ bá wọn nọ́sù, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní nǹkan bí 13 sí 14 ohm. Èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí àwọn yòókù kò dára.

Epo fúnra rẹ̀ náà ń ṣe nǹkan. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí kan. Omi á sọ̀ sísàlẹ̀, á sì yà sọ́tọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà Nàìjíríà, ó sì ba pọ́ńpù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Ìgò kì í sábà fi irú ìyẹn hàn.

Afẹ́fẹ́ tó ń jò

Ibí yìí ló yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù tó bá jẹ́ síló ni ọ̀ràn yín. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ bó ṣe ń wọlé. Sẹ́ńsọ̀ MAP ló ń lò, èyí tó ń wọn agbára fífà inú manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn ihò ẹ́ńjìnnì), tí brain box á fi ṣírò epo. Nítorí náà, bí hóòsì kan bá ya, brain box á rí i pé afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, á fi epo kún un, síló á sì gòkè. Bó bá ti gòkè kọjá ààlà tí kò sì sí ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, brain box á gé epo. Síló á já wálẹ̀. Á dá epo padà. Á tún gòkè. Òun ni ìfò tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ bó ṣe ń wọlé, kì í ṣe báyìí, nítorí náà ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má bá tiyín mu.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ mú páláyà, ẹ fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fún hóòsì kọ̀ọ̀kan pa lẹ́yọ lẹ́yọ. Hóòsì búréèkì tó nípọn, ti PCV (fáàfù tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà) tó wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ti regulator, àwọn kéékèèké tó ń lọ sí EGR (fáàfù tó ń dá èéfín sàlẹ́ńsà díẹ̀ padà). Èyí tí síló bá yípadà gan-an nígbà tí ẹ fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Fún ojú manifold àti gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fín carb cleaner díẹ̀díẹ̀ sí eteetí. Bí RPM bá yípadà, ó ń jò níbẹ̀. Carb cleaner ń gbiná. Ẹ má fín in sítòsí páìpù sàlẹ́ńsà tó ti pupa tàbí wáyà tó ń ta iná, kí fire extinguisher sì wà nítòsí.

Hóòsì kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ lójú yín: tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí sẹ́ńsọ̀ MAP fúnra rẹ̀. Bí ìyẹn bá ya, sẹ́ńsọ̀ á rò pé tọ́tù ti ṣí tán, epo á pọ̀ yàlàyàlà, èéfín dúdú á máa jáde, ọkọ̀ á sì kú. Hóòsì rọ́bà kékeré lásán ló máa ń fa ohun tí wọ́n fi ń ní kí ẹ ra brain box.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò sítíárìn náà. Lẹ́yìn pọ́ńpù sítíárìn, fáàfù kékeré kan wà tó ní hóòsì afẹ́fẹ́ méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé síló sókè nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn. Bí awọ inú rẹ̀ bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa fa epo sítíárìn mu, èéfín funfun á máa jáde, tí ẹ óò sì máa bu epo sítíárìn lójoojúmọ́ láìrí ibi tó ń jò sí. Ẹ fa hóòsì náà yọ: kò gbọdọ̀ tutù nínú.

IAC: ẹni tí ẹjọ́ sábà máa ń wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀

IAC wà lábẹ́ throttle body (ilé tí awẹ́ tọ́tù wà nínú rẹ̀), omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì sì ń kọjá lára rẹ̀. Òun ni brain box ń lò láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá nígbà tí tọ́tù bá wà ní pípadé. Èérí àti èédú epo máa ń dì í, kò ní lè ṣí tó, síló á já, ọkọ̀ á kú nígbà tí AC bá gbé ẹrù lé e.

Lára Orobo, àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìdajì ìṣẹ́jú. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ so TE1 mọ́ E1 nínú àpótí DIAGNOSIS. RPM gbọ́dọ̀ gòkè sí 1000 tàbí 1300 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kó sì padà sí síló. Bí kò bá mira, IAC ti dì tàbí iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Láti fọ̀ ọ́:

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi bíi lítà méjì sílẹ̀.
2. Ẹ yọ hóòsì fílítà afẹ́fẹ́, wáyà tọ́tù àti ojú iná throttle body. Ẹ fi àmì sára hóòsì kéékèèké kí ẹ tó yọ wọ́n, torí pé wọ́n jọra.
3. Ẹ tú nọ́ọ̀tì àti bóòtì mẹ́rin tó di throttle body mú, sípánà 12 ni.
4. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Sukúrúù mẹ́rin tó di IAC mú le gan-an. Screwdriver tí a ń fi òòlù gbá ni kí ẹ lò. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́ dáadáa á jẹ orí rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ á sì ti bàjẹ́.
5. Ẹ fín carb cleaner sínú ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rẹ díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbá a. Ẹ má ki irin bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá gbọn ọ́n, fáàfù inú gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà.
6. Ẹ fọ awẹ́ tọ́tù níwájú àti lẹ́yìn.
7. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. Gọ́ọ̀mù sílíkónì tí wọ́n máa ń fún mọ́ ọn máa ń já wọ inú ihò, á sì dì í padà.
8. Ẹ da omi padà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ inú omi á fi jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá kù níbẹ̀, síló á máa fò, ẹ óò sì rò pé iṣẹ́ yín kò ṣe.
9. Ẹ yọ fúùsì EFI fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán, kí brain box gbàgbé èyí tó ti kọ́.

Ẹ fọwọ́ kúrò lára sukúrúù tó ń dá tọ́tù dúró. Àwọn kan máa ń fi gbé síló sókè, ọkọ̀ á sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ tọ́tù kò sọ fún brain box mọ́ pé ẹsẹ̀ ti kúrò, brain box kò sì ní mójú tó síló rárá.

Ooru omi àti thermostat tí wọ́n yọ

Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń wọn ooru omi. Oníwáyà kan ló ń darí géèjì dáṣíbọ́ọ̀dù, oníwáyà méjì ni ti brain box. Géèjì lè dára kí èkejì ti kú. Ẹ yọ ojú iná rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n: ní 20°C, 2000 sí 3000 ohm, ní 80°C, 200 sí 400. Bí wáyà rẹ̀ bá já, brain box á gbà pé omi wà ní 80°C, kò ní fún ọkọ̀ ní epo tó láàárọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, wọ́n tún máa ń yọ thermostat (fáàfù tó ń dá omi dúró títí á fi gbóná) dànù, wọ́n ní kí ọkọ̀ má baà gbóná. Ti ẹ́ńjìnnì yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C. Tí kò bá sí, omi kì í gbóná tó, brain box á rò pé àárọ̀ ṣì ni, síló á ga, epo á pọ̀, pílọ́ọ̀gì á dúdú. Ẹ dá a padà. Bí ọkọ̀ bá wá ń gbóná jù, rédíétọ̀ tàbí fáànù ni kí ẹ tún ṣe.

Tó bá ń míìsì

Ẹ fa ojú iná nọ́sù yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ fà tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yípadà, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ẹ má fa wáyà pílọ́ọ̀gì. Yóò gbe yín, ó sì lè ba igniter (ohun tó ń darí iná kọ́ìlì) jẹ́.

Ẹ tú pílọ́ọ̀gì ibẹ̀. Bí epo ẹ́ńjìnnì bá kún inú ihò pílọ́ọ̀gì, rọ́bà tó yí páìpù rẹ̀ ká lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti gbẹ. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí, kí ẹ tó ra wáyà tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo á tún ba wáyà jẹ́. Wáyà pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 25,000 ohm lọ. Àlàfo pílọ́ọ̀gì jẹ́ 1.1 mm. Bí iná ṣe ń tò lé ara wọn ni 1-3-4-2, àkọ́kọ́ sì ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì.

Orobo ní distributor, ohun tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ wo ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìpẹtà nínú rẹ̀. 1997 síwájú kò ní in: kọ́ìlì méjì ló ní, ọ̀kan ń fún 1 àti 4 níná, èkejì ń fún 2 àti 3. Nítorí náà, bí síkánà bá fi P0301 àti P0304 (míìsì ní ihò 1 àti 4) hàn pa pọ̀, kọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lára Orobo, ẹ so TE1 mọ́ E1 pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ ka bí iná ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣẹ́jú: 22 ni sẹ́ńsọ̀ ooru omi, 31 ni MAP, 41 ni sẹ́ńsọ̀ tọ́tù, 12 tàbí 13 ni àmì ìyípo ẹ́ńjìnnì.

Bí iná àti epo bá dára tó ṣì ń míìsì, ẹ wọn compression (agbára ìfúnpọ̀ inú ihò ẹ́ńjìnnì): 178 psi ló péye, kò gbọdọ̀ dín sí 142, ìyàtọ̀ láàárín ihò kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Tí EGR kò bá padé dáadáa, ó lè jọ míìsì ní síló, tí á sì lọ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù.

Kí ẹ tó lọ ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí Àràrọ̀mí fún brain box

Ẹ wò ó bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì wo wáyà earth rẹ̀ tó di mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣí i: bí capacitor kékeré kan bá ti tú omi sórí páálí rẹ̀, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ ra tokunbo, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tiyín mu láìku ẹyọ kan. Ti jíà automatic kì í ṣe ti manual, bí ojú iná wọn tilẹ̀ wọ ara wọn.